Oúnjẹ Àwọn Ẹja Àǹtí Fúnmi

Òórùn edé gbígbẹ tí a dà sínú ìkòkò gbígbóná, tí a ń fi ṣíbí rò láìsí epo, ni òórùn tó máa ń bà mí lẹ́rù jù láyé mi. Ẹlòmíràn á gbọ́ ọ, itọ́ á dà lẹ́nu rẹ̀. Ní tèmi, àtẹ́lẹwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ tutù. Mo tún di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo lóṣòó sídìí ààrò ìyá mi ní òwúrọ̀ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mò ń yan edé, mo sì ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó jí i. Mo jí i lóòótọ́. Kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi í sè. Ẹja ni mò ń se oúnjẹ fún, ẹja méje tí gbogbo wọn pa pọ̀ kò lè kún ṣíbí ìmùkọ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí omi ti ń rẹ́rìn-ín. Ní ìlú wa, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Òde Ùgbò bọ̀ máa ń yà kó tó forí lé Mólútẹ̀hìn, ẹja ni a ń jẹ, ẹja ni a ń tà. A ń pa á, a ń yan án, a ń tò ó sínú apẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ. Bí o bá gbọ́ pé ẹnì kan ń fún ẹja lóúnjẹ, ìdẹ ló ń sọ, ìdẹ sì ní ìwọ̀ nínú. Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Fúnmi, olùkọ́ kíláàsì wa, gbé ẹja tirẹ̀ dé láti Òṣogbo nínú àpótí gíláàsì, gbogbo èbúté ló dúró wò ó. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì nínú ọkọ̀, kò wọ̀ ọ́, àpótí náà ló fi wé. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ẹja ló ń bẹ̀rù kó má rì.

Ẹja náà dára. Wọ́n kéré bí èékánná àtàǹpàkò, ìrù wọn gbòòrò bí ìṣẹ́tí ìró, òmíràn pupa, òmíràn ní àmì dúdú tóótòòtó. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, Àǹtí Fúnmi ní láti lọ sí òkè, bí a ti máa ń pe ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí mọ́tò wà, láti lọ ṣe ìdánwò tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó wo gbogbo kíláàsì, ó yàn mí. Ó ní n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ mi sì mọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹ iyán alẹ́ ọjọ́ náà tán.

Ìyá mi, Yèyé ni à ń pè é, kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó jókòó ti àwo ẹja tó ń là, ó wo àpótí náà, ó ní, "Ẹja lọma ń jẹ. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ọma ń se oúnjẹ fún ẹja." Lẹ́nu wa, ọma ni ọmọ, ulé ni ilé, wo ni ìwọ. Ṣùgbọ́n kò lè kọ̀ fún olùkọ́. Yèyé ni ẹni tí gbogbo ìlú ń kó nǹkan fún pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rìnrìn àjò, àwọ̀n rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ Yèyé ló ń kó wọn sí. Ó yíjú sí mi níwájú Àǹtí Fúnmi, ó ní, "Wo gbọ́ o. Ohun tí wọ́n bá kó fún wo, kò gbọdọ̀ dín." Mo ní mo gbọ́.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni àbúrò mi, Ayọ̀mikún, ọmọ ọdún mẹ́rin. Láàárọ̀, kó tó fọ ẹnu, yóò ti lọ fi imú tẹ gíláàsì. Ara ẹja méje yẹn ló ti kọ́ bí a ti ń ka oókan dé eéje. Èyí tó pupa tó sì tóbi jù, ó sọ ọ́ ní Kápútéènì, nítorí pé iwájú ló máa ń wà nígbà gbogbo, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Bí ó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, yóò fi etí rẹ̀ òsì lé ara gíláàsì kó lè gbọ́ èsì.

Àǹtí Fúnmi fún mi ní agolo kékeré kan tí oúnjẹ wọn wà nínú rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ bí èépá ara ẹja tó ti gbẹ. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi orí ìka méjì mú un, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má fún wọn ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán kí n tó ka ọgọ́rùn-ún, nítorí ohun tó bá ṣẹ́ kù ló máa ń ba omi jẹ́, omi ló sì máa ń pa ẹja. Ó tún ní kí n má fi omi odò sínú àpótí náà láé, omi odò wa ní iyọ̀, epo rọ̀bì sì máa ń léfòó lójú rẹ̀. Omi òjò nìkan ni.

Ọjọ́ kẹta ni agolo náà bọ́. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi gbé e jáde sórí afárá pákó tó wà níwájú ilé wa. Àwọn ọmọbìnrin méjì láti ilé kejì ló fẹ́ rí i, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n rí i. Ọmọrí rẹ̀ le, mo fi eyín ṣí i. Ó já lójijì, agolo náà fò, ó gba àárín pákó méjì kọjá, ó bọ́ sínú omi. Mo dùbúlẹ̀ lórí pákó, mo fi ojú kan wo ìsàlẹ̀. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ abẹ́ ilé wa ti pé lé e lórí, wọ́n ń jẹ oúnjẹ àlejò. Àwọn ọmọbìnrin náà sá lọ sílé wọn, mo sì wà níbẹ̀ títí pákó fi sàmì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ojú Yèyé ni. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń na ọmọ. Dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́, yóò wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ilé á sì pa rọ́rọ́ fún odidi ọjọ́ méjì. Mo fara mọ́ ẹgba ju ìdákẹ́jẹ́ yẹn lọ. Nítorí náà mi ò sọ. Mo sọ fún ara mi pé èmi ọmọ apẹja, kò yẹ kí n má mọ ohun tí ẹja ń jẹ.

Bí ọmọ apẹja ni mo ṣe rò ó lóòótọ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe mi sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìdẹ ni mo rò. Kí ni à ń fi dẹ ẹja? Edé. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èyí tí Yèyé tọ́jú, mo yan án kó lè rọrùn láti lọ̀, mo gún un nínú odó ata, mo sì fún wọn. Ohun tí mo gbàgbé ni pé edé wa lásìkò òjò kì í ṣe edé lásán. Yèyé máa ń bu iyọ̀ sí i kó tó sá a, kí ọ̀rinrin má baà bà á jẹ́, èéfín ààrò sì ti wọ̀ ọ́ lára. Bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kejì, omi inú gíláàsì ti funfun bí omidùn, nǹkan kan ń dán lójú rẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti yí ikùn sókè.

Mo fi ṣíbí gbé e, mo sọ ọ́ sódò kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ayọ̀mikún wá, ó fi imú tẹ gíláàsì, ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. Ó ní, "Mẹ́fà ni." Mo ní èyí tó kéré jù ti lọ kí ìyá rẹ̀ lókun, yóò padà wá. Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ lébùúté, yóò bi mí bóyá ẹja náà wà nínú rẹ̀. Yèyé kò kà wọ́n ní tirẹ̀. Ó gbẹ́kẹ̀ lé mi.

Mo fi omi òjò pààrọ̀ omi náà. Ibi tí mo ti ń bu omi yìí ni ọgbọ́n kejì ti wá. Yèyé ní àgbá mẹ́ta tó fi ń gbe omi òjò, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọn kì í wà ní bíbò, aṣọ lókè, pákó lórí aṣọ, òkúta lórí pákó. Ó máa ń sọ pé, "Omi tí kò ní ọmọrí, ulé ẹ̀fọn ni." Bí mo ṣe ń gbé òkúta náà kúrò ni mo rántí ohun tí Àǹtí Fúnmi kọ́ wa ní kíláàsì, pé kò sí ohun tí ẹja kéékèèké fẹ́ràn tó tanwíjí, àwọn kòkòrò inú omi tí wọ́n máa ń ká kò, tí wọ́n ń nà, tí wọ́n á di ẹ̀fọn níkẹyìn. Gbogbo ayé ń lé tanwíjí. Mo wá di ẹni tó ń sìn ín.

Garawa ọ̀dà funfun kan wà nílẹ̀ tí àwọn tó kun ilé ìwé gbàgbé. Mo bu omi òjò kún un dé ìdajì, mo ju ewé ẹ̀gẹ́ tó ti rà sí i, mo gbé e sẹ́yìn ahéré tí Yèyé ti ń yan ẹja, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Abẹ́ fèrèsé yàrá tí èmi àti Ayọ̀mikún ń sùn ni. Mo mọ̀ pé abẹ́ fèrèsé ni. Mo rò pé ibẹ̀ ló dára jù, nítorí mo lè máa wò ó láti orí ibùsùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fún ẹja ní èérún búrẹ́dì, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń já ara wọn nírù. Lọ́jọ́ karùn-ún, omi garawa náà ń gbéra sọ. Mo mú asẹ́ tí Yèyé fi ń sẹ́ ògì, mo fi sẹ́ tanwíjí, mo ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dà wọ́n sínú gíláàsì. Ẹja náà fò sí i. Ayọ̀mikún pàtẹ́wọ́, ó ní wọ́n ń jó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìrù wọn tún ti hù, àwọ̀ wọn ń tàn, ikùn Kápútéènì yọ bí ti olóyè. Mo ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, Yèyé máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọwọ́ tèmi mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń sẹ́ kò tó ohun tó ń hù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí awọ òfìfo tó ń léfòó lójú omi garawa náà, wẹ́wẹ́ bí ìyàngbò. Mo mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Olúkúlùkù wọn, ẹ̀fọn kan ló ti jáde níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, orin wọn ń pọ̀ sí i lójú fèrèsé, nẹ́ẹ̀tì wa sì ní ibi tó ya, tí Yèyé fi òwú dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ayọ̀mikún ń sùn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni n óò da omi náà nù. Bí ọ̀la bá dé, ebi á ti máa pa ẹja. Ẹ̀rù àti ìtìjú ń fà mí síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo sì ń jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ti ń parí lọ nígbà tí Ayọ̀mikún kọ oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní orí ń fọ́ òun. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ ti gbóná bí àwo ọbẹ̀. Yèyé ránṣẹ́ pe Nọ́ọ̀sì, obìnrin àgbàlagbà tó ń tọ́jú gbogbo wa ní ìlú. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un lóògùn, ó ní ibà ẹ̀fọn ni, ó sì bi Yèyé pé, "Omi wo ló dúró láyìíká yín?"

Yèyé nàró ṣánṣán. Ó ní, "Omi kì í dúró nínú ulé mi, Nọ́ọ̀sì. Ẹ yí i ká, ẹ wò ó."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ kẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ní tìrẹ." Kò yí i ká. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, asẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ó tutù, omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wo ọwọ́ mi ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Wọn ò wò ó. Mo fẹ́ sọ, Ọlọ́run ń gbọ́, mo fẹ́ sọ. Mo ronú kan ojú Yèyé àti bó ṣe nàró yẹn, mo sì fi asẹ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, oògùn kò tíì mú un. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Ayọ̀mikún jókòó sórí ẹsẹ̀ Yèyé níwájú gíláàsì ẹja, ojú rẹ̀ yí, ọwọ́ rẹ̀ le, gìrì gbé e. Mi ò gbọ́ kí Yèyé ké bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá mi wà lókun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ṣì kù kí wọ́n padà. Àwọn ará ilé kejì ló gbé ẹ̀rọ sídìí ọkọ̀, wọ́n ní òkè ni kí wọ́n sáré gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn. Yèyé wọ inú ọkọ̀ láìwọ bàtà, Ayọ̀mikún wà láyà rẹ̀ nínú ìró.

Ọkọ̀ ti ń ṣí nígbà tó yíjú sí mi. Ó ní, "Bọ́sẹ̀dé, ọma mi, ṣọ́ ulé. Má jẹ́ kí ẹja yẹn kú o. Òun lọma yí a kọ́kọ́ bèèrè bó bá dé." Bó bá dé ló wí. Mo gbọ́ "bí" yẹn. Mo dúró lórí pákó títí mi ò fi gbúròó ẹ̀rọ mọ́.

Mo sáré lọ sẹ́yìn ahéré, mo da garawa náà sódò. Mo yí i dé, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó tì í. Mo ti pa àbúrò mi, bí mo ṣe rò ó nìyẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà rò ó. Mo ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ́ ẹja. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, Yèyé ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, èmi ni mo fi ẹ̀tẹ̀ sábẹ́ fèrèsé.

Ẹ ò ní í gbàgbé bí orí ọmọdé ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Mo bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú níbẹ̀. Mo ní bí ẹja mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá wà láàyè títí ọkọ̀ fi máa padà, Ayọ̀mikún yóò wà láàyè. Bí ọ̀kan bá kú, mi ò parí èyí. Mo bo ẹnu mi.

Ní ọjọ́ náà ni mo se oúnjẹ ẹja bó ṣe yẹ kí n ti sè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rẹ edé sínú omi òjò, mo dà á nù, mo tún rẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo tọ́ omi rẹ̀ wò tí mi ò gbọ́ adùn iyọ̀ mọ́. Mo já orí rẹ̀, mo bó ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn, tó ń fún mi lóúnjẹ, fún mi ní ẹyin kan. Mo bọ̀ ọ́ títí ó fi le, mo mú pupa inú rẹ̀ nìkan. Mo sá edé náà sórí páànù, mo jókòó tì í, mò ń wojú ọ̀run nítorí òjò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kó o wọlé. Nígbà tó gbẹ, mo gún un, mo fi pupa ẹyin pò ó, mo tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, mo tún sá a, mo fi ọwọ́ rún un, mo sì fi aṣọ jọ̀ ọ́ títí ó fi rí bí àtíkè. Mo fi orí ìka méjì mú un. Mo ka ọgọ́rùn-ún. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Omi kò yí padà.

Gbogbo ohun tí mo fi ṣe é wà nínú ilé wa láti ọjọ́ tí agolo náà ti bọ́. Ìyẹn ni mo sunkún lé lórí jù. Sùúrù nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí wọ́n lọ, Kápútéènì kò wá jẹun. Ó fi ikùn lélẹ̀ nísàlẹ̀ gíláàsì, ó ń mí gúlegúle. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò tíì tún rí irú rẹ̀, títí kan ọjọ́ tí mo bí ọmọ mi. Mo bu ìdajì omi náà kúrò díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ife, mo fi tuntun sí i. Mi ò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ náà, èmi náà ò jẹun. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, mò ń sọ orúkọ méjèèjì pọ̀, Kápútéènì, Ayọ̀mikún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wà níwájú àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ní ọ̀sán, ọkọ̀ náà dé. Mo rí Yèyé, mo rí ìró tó wà láyà rẹ̀, kò mira. Mo dúró sórí pákó wa. Orí kékeré kan wá yọ láti inú ìró náà, ó gbẹ, ọrùn rẹ̀ kò ju ọ̀pá ìwọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń wò kiri. Bí Yèyé ṣe gbé e kọjá mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ òsì ló kọ sí mi. Mo pè é. Kò yíjú. Mo tún pè é, mo sún mọ́ ọn, kò yíjú. Yèyé ní, "Etí yẹn ti lọ, ọma mi. Dókítà ní ibà náà ló mú un. Ẹ̀mí rẹ̀ la gbà." Nínú ilé, Ayọ̀mikún lọ fi imú tẹ gíláàsì, ó kà á dé ẹẹ́fà, ó sì fi etí òsì lé e bó ti máa ń ṣe. Ó dúró díẹ̀. Ó wá yí etí ọ̀tún sí i.

Nígbà tí Àǹtí Fúnmi dé, mo sọ fún un pé agolo bọ́ sódò, pé ẹja kan kú. Mo sọ ti edé àti ti ẹyin. Kò bínú rárá. Ó ní kí n kọ bí mo ṣe sè é sínú ìwé, ó kà á fún gbogbo kíláàsì. Yèyé gbọ́, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Wo là bá máa kó nǹkan fún." Mi ò sọ ti tanwíjí. Bí mo bá ti fẹ́ sọ ọ́, ọwọ́ yẹn á tún kàn mí lórí.

Ìyá mi fẹ́ràn òwe kan ju gbogbo wọn lọ, pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti kọjá ogún. Yèyé kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì gbà dé ojú ikú pé omi kankan kò dúró nínú ilé òun rí.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ra ẹja mẹ́ta wálé nínú ọ̀rá ní ọjọ́ kan, òun àti agolo oúnjẹ wọn. Mo gba agolo náà, mo fi sókè àpótí aṣọ. Edé àti ẹyin ni mò ń fún ẹja tèmi. Ọmọ mi ní mo máa ń ṣe é bí ẹni tó ń po oògùn. Kò sí abọ́, kò sí ife, kò sí ìdérí ìgò tí omi lè dúró sí ní àyíká ilé mi, ọkọ mi sì ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú u. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹ̀fọn pọ̀ nílùú wa ju ohun tí garawa kan lè bí lọ. Ẹ̀fọn kì í kọ orúkọ ibi tó ti wá sára. Mo mọ̀ ọ́n, kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Ayọ̀mikún ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní etí òsì lòun fi ń gbọ́ ti ìyàwó òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀kíní, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nínú ariwo. Lẹ́ẹ̀kejì, létí sàréè Yèyé. Lẹ́ẹ̀kẹta, nínú ilé ìdáná mi lóṣù tó kọjá, nígbà tó wá kí wa, tí mò ń yan edé. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo dúró sí. Lóṣù tó kọjá, ó rí i pé ẹnu mi ń mì. Ó yí ojú sí mi, ó ní, "Kí lẹ wí, ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní kó bá mi mú asẹ́ wá.

Mo máa ń fojú kéré ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ nígbà yẹn, pé ojo ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ṣí, ó sáré, ó da omi rẹ̀ nù. Èmi tí mo dàgbà, tí mo níyì, tí mo ní ọmọ, mi ò tíì da tèmi nù. Ayọ̀mikún kò jẹ́ fi ohun tí mo bá kọ sílẹ̀ láìkà, ìwé kò sì ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

Àbúrò mi, ẹja keje yẹn kò lọ kí ìyá rẹ̀. Garawa ọ̀dà funfun kan sì wà lẹ́yìn ahéré Yèyé, lábẹ́ fèrèsé yàrá wa, ní ọdún tí ara rẹ kò yá. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀.